Áàpù tí ń ka ọjọ́ fún arìnrìn-àjò: ohun tí ojú mi rí ní Aflao

Ọjọ́ 26 ló kù. Bẹ́ẹ̀ ni áàpù náà kọ ọ́ gàdàgbà, pẹ̀lú àwọ̀ ewé. Mo gbé fóònù sí iwájú òṣìṣẹ́ tó jókòó ní bodè Aflao, láàrin Ghana àti Togo, lọ́jọ́ Mọ́ńdè, 10 oṣù Kẹta, 2025, mo ní kó wò ó. Kò tilẹ̀ bojú wò ó. Ó ṣí ìwé ìrìnnà mi, ó fi ìdí bírò tẹ abẹ́ òǹtẹ̀ tí wọ́n lù síbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo wọlé. Ó ní, “Màmá, kí ni wọ́n kọ síbí?” Bírò búlúù ni, ọwọ́ wẹ́wẹ́, mo ti rò pé ẹni tó lu òǹtẹ̀ ló fọwọ́ síwèé. 60 ni.

Mo ti lo ọjọ́ 64.

Accra ni mo ti ń bọ̀, níbi tí mo ti lọ wẹ ọmọ tuntun fún ọmọ mi obìnrin. Kí n tó kúrò ní Kabba ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti fi áàpù yìí sórí fóònù mi, tí mo sì san owó ọdún kan. Bí wọ́n ṣe ń lò ó kò le, ẹni tó bá lè lo WhatsApp á lò ó. O máa yan ìwé ìrìnnà tó o ní, ìlú tó ò ń lọ àti ọjọ́ tó o wọlé, òun fúnra rẹ̀ á wá iye ọjọ́ tí òfin fún ọ.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà mi wà. 90 ló gbé fún mi, torí pé àdéhùn ti 1979 tí ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ṣe sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú wọn lè wọ òmíràn láìsí físà, kó sì lo ọjọ́ 90. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iye tí bírò bá kọ sínú ìwé rẹ ni wọ́n ń wò ní bodè, áàpù yìí kò sì bi mí léèrè ohun tí bírò kọ. Ká ní ó bi mí, ǹ bá ti lọ tọrọ àfikún ọjọ́ kí 6 oṣù Kẹta tó pé. Owó aṣọ kente tí àwọn ìyá ìjọ fi rán mi ni mo mú nínú rẹ̀ san ìtanràn. Owó ìfẹ̀yìntì mi ni mo fi dí i nígbà tí mo délé.

Inú ọkọ̀ láti Lomé sí Cotonou ni mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ni áàpù náà. Èsì dé lójú ẹsẹ̀: ẹ kú ìkàsí, ẹ tẹ 1 bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó, ẹ tẹ 2 bẹ́ ẹ bá gbàgbé ọ̀rọ̀ ìwọlé. Mo tún kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, èsì kan náà. Ẹ̀rọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀! Nígbà tí mo dé Kabba, mo rí nọ́ńbà kan lórí rìsíìtì, mo pè é. Ọkùnrin kan ló gbé e, ó ní ó ti wà nínú àdéhùn tí mo fọwọ́ sí, ó sì gé ìpè náà mọ́ mi lẹ́nu. Mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin kan ló gbé e. Kò sọ ti àdéhùn. Ó ní kí n ya òǹtẹ̀ náà kí n fi ránṣẹ́. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó wá ní, “Mà, ẹ má bínú. Ó yẹ kó bi yín.” Ó béèrè ibi tí mo ti ń pè, mo ní Kabba. “Òkun o, Mà!” Bí àwa ará Òkun ṣe ń kíra wa nìyẹn. Àṣé Ìṣánlú ni wọ́n ti bí ìyá rẹ̀. Inú tó ti ń ru láti Aflao rọlẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú ló fi dúró tì mí lórí fóònù: kí n tẹ àyíká tó ń ka ọjọ́ náà mọ́lẹ̀ títí pẹ́ńsù kékeré kan á fi yọ, kí n pa 90 rẹ́, kí n fi 60 sí i. Àyíká náà pọ́n kíá. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, áàpù náà sọ ara rẹ̀ dọ̀tun, ìbéèrè tó sì kọ́kọ́ ń béèrè báyìí ni iye tó wà lábẹ́ òǹtẹ̀.

N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó mọ ọjọ́ kà. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ bá tẹ ilẹ̀ wọn ló fi ń ṣe ọjọ́ kìn-ín-ní, bó tilẹ̀ jẹ́ alẹ́ lo wọlé. Ọmọ mi fi oṣù mẹ́ta ka ti èmi láti 6 oṣù Kìíní, ó bọ́ sí 6 oṣù Kẹrin. Áàpù ní 5 oṣù Kẹrin ni ọjọ́ 90 pé. Òun ló tọ̀nà. Kò nílò nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, ó ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà Kabba sí Òmùò níbi tí ìpè kì í ti í wọlé. Aládùúgbò mi tó gba físà ìgbà kúkúrú lọ sí Jámánì náà ń lò ó fún ọjọ́ 90 tí wọ́n gbà á láyè láti lò nínú ọjọ́ 180, èyí tí orí èèyàn kò lè dá kà, torí ojoojúmọ́ ni 180 yẹn ń sún síwájú.

Ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ nínú owó ìtanràn mi kò padà wá. Wọ́n ní kò sí lọ́wọ́ àwọn. Ọkùnrin àkọ́kọ́ yẹn kò sì tíì pè mí kó ní kí n má bínú.

Mo ti san owó ọdún tó ń bọ̀. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún.