Balùwẹ̀ tó tutù nínú ilé tó ń lo ooru abẹ́ ilẹ̀: èwo ni kí ẹ rà?

Omi tí ẹ̀rọ tó ń fa ooru láti inú ilẹ̀ máa ń rán gba inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ yàrá káàkiri ilé kì í sábà gbóná ju 35°C lọ. Ìyẹn tó fún pálọ̀ àti yàrá, níbi tí 20°C ti tó. Balùwẹ̀ ni kò gbà. Ìhòòhò là ń wà níbẹ̀, omi ṣì ń kán lára wa, nítorí náà 24°C la nílò. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò sì fẹ̀, ọpọ́n ìwẹ̀ sì tún ti gba apá kan nínú rẹ̀.

Rédíétọ̀ ara ògiri, ìyẹn irin tí omi gbígbóná ń gba inú rẹ̀ kọjá, tí a ń sá aṣọ ìnura sí, ni kí n kọ́kọ́ sọ, torí òun ló ná mi lówó. Mo ń sọ èyí tó ń lo omi ilé, ìyẹn omi tí ẹ̀rọ yẹn ń rán káàkiri. Ẹni tó tà á fún mi fi 500 wáàtì tó wà lára páálí rẹ̀ hàn mí. 500 yẹn kì í ṣe irọ́, àmọ́ omi tó wọlé ní 75°C tó sì jáde ní 65°C, nínú yàrá tó wà ní 20°C, ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ẹ wá fi omi tiwa ṣírò rẹ̀: ó wọlé ní 35, ó jáde ní 30, yàrá sì wà ní 24. Ìyàtọ̀ láàárín ìpíndọ́gba ìgbóná omi àti ìgbóná yàrá, tó jẹ́ 50 tẹ́lẹ̀, ti di 8 àbọ̀. Ooru tó ń jáde sì máa ń yára dínkù ju ìyàtọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ lọ. Ohun tó kù nínú 500 wáàtì kò ju bíi 50 lọ. Ẹ fọwọ́ kan irin rẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Aṣọ ìnura tí a sá sí i lálẹ́ ṣì ń rin ní àárọ̀.

Mo fẹjọ́ sùn, wọ́n ní kí n gbé ìgbóná omi gbogbo ilé sókè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà. Dìgírì kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi kún un, iná tí ẹ̀rọ ń jẹ á fi bíi 2 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ẹ gbé e láti 35 dé 45, kí ẹ wá wo mítà yín. Torí pé ẹ̀rọ yìí lè fi iná ẹyọ kan mú ooru bíi mẹ́rin jáde la ṣe ná owó ńlá lé e lórí. Kí ló dé tí balùwẹ̀ kan á fi ba èrè yẹn jẹ́?

Páìpù abẹ́ táìlì ni omi 35°C bá mu jù. Àmọ́ kí wọ́n tẹ́ ẹ súnra, 10 sẹ̀ǹtímítà síra wọn, kì í ṣe 20 bíi ti yàrá. Bí ilẹ̀ kò bá tó, kí wọ́n gbé páìpù náà gun ògiri. Ẹ ya fọ́tò ògiri yẹn pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n lára rẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́ ẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà lu páìpù lójọ́ tó bá fẹ́ kan ìkọ́ mọ́ ọn. Ẹ ṣí fáàfù balùwẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, kí tẹmósítáàtì, ìyẹn ohun tó ń wọn ìgbóná yàrá tó sì ń dá omi dúró, má máa tì í.

Wáyà oníná abẹ́ táìlì: ó dára bí ẹ bá ti fẹ́ pààrọ̀ táìlì tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n iná ẹyọ kan, ooru ẹyọ kan ni.

Pánẹ́ẹ̀lì infrared (tó ń fi ìtànṣán tí ojú kì í rí mú nǹkan gbóná): ara ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ ló ń mú móoru, kò ṣe púpọ̀ fún afẹ́fẹ́ yàrá.

Hítà oníná ara ògiri fún aṣọ ìnura: 300 wáàtì fún wákàtí méjì, 0.6 kWh péré. Ẹ fi táímà sí i, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ iná sì so ó.

Ẹni tó ti ń gbé inú ilé rẹ̀, tí kò fẹ́ fọ́ ilẹ̀, hítà kékeré yẹn á ṣe é lóore. Ẹni tó bá ń kọ́lé lọ́wọ́, tàbí tó ti ń ṣí táìlì kúrò, kó tẹ́ páìpù sílẹ̀ àti sí ògiri, kó fi hítà sílẹ̀ fún aṣọ ìnura nìkan. Ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ so mọ́ omi ilé, ẹ ní kí wọ́n kọ iye wáàtì tó máa mú wá nígbà tí omi bá wà ní 35°C sínú ìwé, kí ẹ tó san kọ́bọ̀.