Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ láti ilé-iṣẹ́ àbí èyí tí wọ́n fọwọ́ hun? Ohun tí ojú mi rí lọ́nà Òrù

Sípóòkù ẹ̀yìn kan, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, já lọ́nà Òrù sí Àwà, nínú oṣù keje, lẹ́yìn òjò òwúrọ̀. Kò pariwo. Ó kàn dún "táìn" bí okùn gòjé tó já, mo sì rò pé òkúta ló ta ba férémù. Kí n tó dé ìyànà tó wà níwájú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti ń jó sọ́tùn-ún sósì, táyà ti ń ha férémù. Mo sọ̀kalẹ̀, mo dorí kẹ̀kẹ́ kodò sórí koríko. Sípóòkù kan ṣoṣo ni, ó já ní ìdí orí, lápá ibi tí ṣéènì wà. Ẹsẹ̀ náà ò tíì pé oṣù márùn-ún lọ́wọ́ mi. Mo tì í padà dé Òrù, mo wọ mọ́tò lọ sílé ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Nígbà tí mo fẹ́ ra ẹsẹ̀ náà, bó ṣe fúyẹ́ tó ni mo bèèrè. N ò bèèrè ẹni tí yóò tún un ṣe ní ìlú wa tó bá bàjẹ́. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, nítorí mo mọ̀ pé àwọn míì wà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ orí-òkè, tí wọ́n sì ti ń tọ́jú owó láti pààrọ̀ ẹsẹ̀.

Mo wọn kìlógíráàmù 92. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ íǹṣì 29 ni mò ń gùn. Gbogbo Sátidé ni mo máa ń jáde: Òkè-Èrì, ẹ̀bá Erédò Sùngbọ́ (yàrà àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú), àwọn ọ̀nà oko tó yí Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó ká. Lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, ilẹ̀ pupa ibẹ̀ máa ń gan bí irin, á wá rí gbágungbàgun. Tí òjò bá dé, ẹrẹ̀ náà á máa wá ihò tí yóò gbà wọlé.

Ẹsẹ̀ tí mo rà lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Èkó kì í ṣe gbàrọgùdù. Mo gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe rí. Ó fúyẹ́, mo sì mọ̀ ọ́n lára lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo fi gun òkè. Ríìmù rẹ̀, òrùka tí táyà jókòó lé, gba táyà tí kò ní túùbù láìjò rárá. Ṣùgbọ́n sípóòkù 24 péré ló ní lẹ́sẹ̀ kan, wọn ò sì tẹ̀ lọ́rùn bí èyí tí a mọ̀ láti kékeré. Wọ́n gún gbọọrọ láti orí dé ìdí, họ́ọ̀bù (àárín ẹsẹ̀ tí sípóòkù ti bẹ̀rẹ̀) tí wọ́n ṣe fún wọn nìkan ló sì lè gbà wọ́n. Mo kó èyí tó já sápò, mo mú un kiri Ìjẹ̀bú-Òde, mo mú un dé Ṣágámù, mo mú un dé Èkó. Kò sẹ́ni tó ní irú rẹ̀. Oníṣòwò tó tà á fún mi ní àfi kí wọ́n fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kẹ̀kẹ́ fi rọ̀ sára ògiri nítorí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan.

Ní Ṣágámù ni mo ti pàdé bàbá oníkẹ̀kẹ́ kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, òun ló là mí lójú. Mo kí i, mo na sípóòkù já náà sí i.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ní irú èyí?"

"N ò ní in, ọmọ mi. Gbé ẹsẹ̀ náà wá ná."

Kò tilẹ̀ wo ibi tó já. Ó gbé ẹsẹ̀ lé itan, ó ń fi èékánná àtàǹpàkò ta àwọn sípóòkù tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹ́tí. Ọ̀kan á dún tín-ín, èyí tó tẹ̀ lé e á dún dòò bí awọ ìlù tó rẹ. Ó ní kí n fọwọ́ fún àwọn méjì pọ̀. Ọ̀kan le, ìkejì ń tẹ̀ bí okùn aṣọ.

"Ṣé o rí i? Àwọn tó dẹ̀ yìí ló ń pa ara wọn. Èyí tó já kàn ṣáájú wọn ni."

Mo ti wá mọ ìdí rẹ̀ dáadáa. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ íǹṣì 29 máa ń yí ju ìgbà 430 lọ nínú kìlómítà kan. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí sípóòkù bá dé ìsàlẹ̀, níbi tí táyà ti kan ilẹ̀, á dẹ̀ díẹ̀, á sì tún le bó ṣe ń gòkè. Tí wọ́n bá fà á le tó láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdẹ̀ díẹ̀ yẹn ò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tí kò bá le tó, á dẹ̀ pátápátá, orí rẹ̀ á máa mì nínú ihò họ́ọ̀bù, títí yóò fi já, bí wáyà tí èèyàn ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn. Ẹ̀yìn ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹrù èèyàn pọ̀ sí, ibẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ wa ti ń fa ṣéènì.

Ẹ̀rọ ló ń fa ọ̀pọ̀ sípóòkù ilé-iṣẹ́ le, iṣẹ́ rẹ̀ sì yá. Àwọn ẹsẹ̀ olówó gọbọi ni èèyàn sábà máa ń fi àkókò fọwọ́ yẹ̀ wò lẹ́yìn náà. Ohun tó tàn mí jẹ ni pé ẹsẹ̀ lè yí gúnrégé, kó má jó rárá, síbẹ̀ kí sípóòkù kan le ju ìkejì lọ ní ìlọ́po méjì. Ojú ò lè rí i. Etí àti ọwọ́ ló ń rí i.

Mo ní kí bàbá hun ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tuntun fún mi. Mo ra họ́ọ̀bù Shimano Deore oníhò 32, ríìmù alumíníọ́mù tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 30, àti sípóòkù DT Swiss, èyí tó nípọn mílímítà 2.0 lórí àti nídìí, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ sí 1.8 láàárín. Mo kọ́kọ́ rò pé èyí tó nípọn látòkè délẹ̀ ló máa lágbára jù. Bàbá ní rárá: àárín tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń nà díẹ̀ nígbà tí a bá ré kòtò, kí ìyà náà má baà dé ọrùn. Nọ́ọ̀tì sípóòkù, èyí tó dè é mọ́ ríìmù, idẹ ló ní kí n rà, kì í ṣe alumíníọ́mù, nítorí ẹrẹ̀ àti omi wa máa ń jẹ alumíníọ́mù títí kò fi ní ṣeé yí mọ́. Họ́ọ̀bù Shimano yẹn, bóòlù àti kóònù ló wà nínú rẹ̀. Ó fẹ́ kí a máa tú u, kí a fọ̀ ọ́, kí a fi gírísì tuntun sí i, ṣùgbọ́n gbogbo oníkẹ̀kẹ́ àtijọ́ nílẹ̀ wa ló mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo jókòó tì í fún ọjọ́ méjì. Sípóòkù apá ọ̀tún jẹ́ mílímítà 290, ti òsì 292, torí fíríwílù, eyín tí ṣéènì ń fà, ti gba àyè lápá kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjá lórí méjì, ó gba abẹ́ ẹ̀kẹta. Láti kékeré ni mo ti ń wo àwọn ìyá tó ń hunṣọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, irú ìfarabalẹ̀ yẹn gan-an ni mo rí lọ́wọ́ bàbá. Kò ní àga tí wọ́n fi ń tọ́ ẹsẹ̀. Ó dorí kẹ̀kẹ́ kodò, ó de okùn ike kan mọ́ férémù lápá méjèèjì, ó gé wọn títí orí wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ríìmù. Ibi tí ríìmù bá ti ha ike, ó yí nọ́ọ̀tì ní ìlàjì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló fi àkísà wé ọwọ́, ó fún sípóòkù méjì-méjì pọ̀ bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi. Wọ́n ń ké tá, tá, tá bí wọ́n ṣe ń jókòó sáyè wọn. Ó tún tọ́ ọ, ó tún fún un. Ìgbà mẹ́rin ni mo kà. Ọ̀rẹ́ mi tó ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn líle sípóòkù wá wò ó nígbà tó yá: gbogbo apá ọ̀tún wà láàárín kìlógíráàmù 110 sí 118. Etí lásán ni bàbá lò.

Oṣù mọ́kànlá rèé. Mo gbé e padà lẹ́ẹ̀kan péré, lẹ́yìn bíi 150 kìlómítà, kó lè tún un fà. Sípóòkù kankan ò já. Mo ti fi sọ̀kalẹ̀ níbi tó dà gẹ̀rẹ́ lẹ́bàá Erédò, tí gbòǹgbò igi ti yọ síta, lọ́pọ̀ ìgbà. Ó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì gbà mí lówó àti àkókò jù ú lọ, torí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kó ohun èlò jọ. N ò kábàámọ̀ rẹ̀.

Ẹ má rò pé mò ń bú ti ilé-iṣẹ́ o. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wọn kìlógíráàmù 60, títì ọlọ́dà láti Ìkẹ́nnẹ́ sí Ìpèrù ló ń gùn. Èmi fúnra mi ni mo ní kó ra ti ilé-iṣẹ́, mo kàn ní kó wá oní sípóòkù ọlọ́rùn títẹ̀ 32, kó sì gbé e dé ọ̀dọ̀ oníkẹ̀kẹ́ kí wọ́n fà á dọ́gba kó tó gùn ún. Ó ń gbádùn rẹ̀. Àní ẹsẹ̀ mi tó já yẹn, nígbà tí sípóòkù rẹ̀ dé, bàbá tú gbogbo rẹ̀, ó fà wọ́n dọ́gba, mo sì gbé e fún àbúrò mi. Kò tíì já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ títí di òní. Owó ọjọ́ kan fún bàbá ni ẹni tó tà á fún mi ìbá fi gbà mí lọ́wọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ní báyìí, tí mo bá ń jáde ní Sátidé, sípóòkù mẹ́ta wà tí mo fi téèpù so mọ́ férémù lábẹ́ ìjókòó: méjì 290, ọ̀kan 292.