KoboCollect gbà mí lọ́wọ́ bébà

Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbé bébà ìbéèrè kiri agboolé ní Bẹẹrẹ n'Ìbàdàn kí n tó mọ KoboCollect, áàpù orí fóònù tí a fi ń gba ìdáhùn ìwádìí sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì nílò nẹ́tíwọ́kì níbi iṣẹ́. Tí mo bá délé lálẹ́ ni mo máa ń fi gbogbo ìdáhùn ránṣẹ́. Bí ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù bá mọṣẹ́, tí ìyá kan bá ní òun ò bímọ, ìbéèrè ọjọ́ orí ọmọ ò ní yọjú rárá. (Mo ti bi ẹnìkan bẹ́ẹ̀ rí lórí bébà. Ojú tì mí débi pé mo gbàgbé bírò mi síbẹ̀.)

GPS fóònù mi, tó ń sọ ibi tí mo wà, nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu: lábẹ́ páànù kì í tètè mú, màá wá dúró gbagidi sínú oòrùn, àwọn ọmọdé á rọ̀gbà yí mi ká. Ẹ mú páwà báńkì dání o.