Aago méjì ní ìpínlẹ̀ kan: bí a ṣe lọ sí Canyon de Chelly

Ẹ̀yin tó ń gbé Phoenix, tí ẹ bá fẹ́ lọ sí Canyon de Chelly (“Dẹ Ṣéè” ni wọ́n ń pe “de Chelly”; àfonífojì ńlá ni, ní ilẹ̀ àwọn Navajo ní Arizona) láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kọkànlá, ẹ tètè béèrè aago. Arizona kì í yí aago síwájú nígbà ooru, ṣùgbọ́n ilẹ̀ àwọn Navajo (ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà kan) tó wà nínú rẹ̀ máa ń yí i, wọ́n á sì fi wákàtí kan ṣáájú wa. Ilé-iṣẹ́ tí mo sanwó fún pé kó fi ọkọ̀ mú wa wọ àfonífojì náà kò kọ ọ́ síbì kankan.

Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni èmi àti Màmá dé Chinle, ìlú tó wà lẹ́nu àfonífojì náà, inú wa dùn pé a tètè dé. Ọmọbìnrin ìdí tábìlì ò tilẹ̀ gbójú sókè: “Ọkọ̀ yín ti lọ.” Mo ní mẹ́sàn-án kò tíì lù. Ó nàka sí aago ara ògiri: mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo béèrè owó mi, ó ní wọn kì í dá owó padà. Mo ní kó fi wá sí ọkọ̀ tó kàn, ó ní ká tún san. Lórí ìdúró ni Màmá wà ní gbogbo àsìkò yìí, ẹni ọdún 73, tó ti wà nínú mọ́tò láti ìdájí. Kò sẹ́ni tó ní “Ẹ jókòó, Màmá.” Ìyẹn dùn mí ju owó lọ.

Mo tún san. Láìsí amọ̀nà, wọn kì í jẹ́ kí àlejò wọ ìsàlẹ̀ àfonífojì náà, torí àwọn ìdílé Navajo ṣì ń dáko níbẹ̀.

Ara amọ̀nà tó gbé wa ni mo ti rí ọmọlúàbí. Bó ṣe rí Màmá, ó gbé àpótí sílẹ̀ kí wọ́n fi gun ọkọ̀, ó fún wọn níwájú, ó rọra ń wakọ̀ nínú iyanrìn odò gbígbẹ. Nígbà tá a dé White House, ilé àtijọ́ kan níbẹ̀ (kì í ṣe ti ààrẹ o), ó pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ wo ilé nínú ihò ara ògiri àpáta pupa, lókè téńté! Rírẹ́ funfun tí wọ́n rẹ́ ògiri yàrá òkè ló fún un lórúkọ. Àwọn baba ńlá àwọn Pueblo, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà mìíràn, ló kọ́ ọ, ó ti lé ní 900 ọdún. Ẹ̀yìn ọgbà la ti wò ó, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́.

Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ nígbà tó dórí ọdún 1864, tí àwọn sójà Amẹ́ríkà gé igi eléso píìṣì àwọn Navajo lulẹ̀, tí wọ́n sì fipá mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn fẹsẹ̀ rìn lọ sí Bosque Redondo, ibùdó ìhámọ́ kan ní New Mexico. Ọdún 1868 ni wọ́n tó padà wálé. Ó ní orí àpáta Fortress Rock làwọn kan sá gùn. Ọmọ Ẹ̀gbá ni Màmá. Wọ́n di ọwọ́ mi mú: “Àwọn náà ní Olúmọ tiwọn.”

Ìràwọ̀ 2 nínú 5 ni mo fún ilé-iṣẹ́ náà. Èmi àti àbúrò mi ń padà lọ lóṣù tó ń bọ̀, mo sì ti sọ fún wọn pé amọ̀nà yẹn gan-an la fẹ́.