Àjàrá, etí òkun Sèmè, Kétu tàbí òkè Ṣábẹ̀ẹ́: ìrìn wo ló tó sanwó sí?

Ẹni tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn jáde kúrò ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, olú ìlú Benin) lópin ọ̀sẹ̀ kò ní wá ibi tí yóò lọ tì. Ojú omi wà, etí òkun wà, odi àtijọ́ wà, òkè sì wà. Gbogbo afinimọ̀nà ló ní àwòrán tó dára nínú fóònù, nítorí náà a ò ní fi ẹwà wọn díje. Ohun tí kì í hàn nínú àwòrán la fẹ́ yẹ̀ wò: ibi tí ìrìn náà ń parí sí, àti bí ẹ ó ṣe ti ibẹ̀ délé.

Ìrìn inú ìlú Àjàṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò sí nínú ìdíje yìí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Mọ́sáláṣí Ńlá tí wọ́n kọ́ láàrin ọdún 1912 sí 1935, èyí tí àlejò máa ń ṣì pè ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí ọnà Bùràsíìlì tó wà lára rẹ̀, ẹ gba ààfin Honmè kọjá, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí ọ̀sà. Wákàtí méjì tó o. Bí ẹnìkan bá ní kí ẹ san owó odidi ọjọ́ kan fún un, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Àjàrá kò tó kìlómítà 10 sí Àjàṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni ọjà rẹ̀ ń pé, èyí táwa tó ń ka ọjọ́ òní mọ́ ọn ń pè ní ọrọọrún. Ẹ béèrè ọjọ́ náà kí ẹ tó gbéra, torí lọ́jọ́ ọjà ni ẹ ó rí àwọn oníìlù àti alámọ̀ dáadáa. Lẹ́yìn ọjà, ẹ rìn lọ sí odò dúdú tó gba inú igbó ọ̀pẹ ràfíà kọjá. Ewé tó ti rà sínú omi ló sọ ọ́ di dúdú bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìdọ̀tí. Ọkọ̀ ojú omi lẹ ó fi gbà á. Omi náà parọ́rọ́, ìbòji rẹ̀ pọ̀, ọmọdé sì lè bá yín lọ.

Àlọ kì í pa owó ẹnikẹ́ni, àbọ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí èyí, torí ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ àwọn ìrìn yìí wà gan-an. Bí atukọ̀ bá pe iye kan ní èbúté, ìbéèrè mẹ́rin ló yẹ kó jáde lẹ́nu yín kí ẹsẹ̀ tó kan ọkọ̀. Ṣé owó orí ni àbí owó ọkọ̀? Ṣé àlọ nìkan ni àbí àlọ àtàbọ̀? Bí a bá sọ̀ kalẹ̀ rìn nínú abúlé, wákàtí mélòó lẹ ó fi dúró dè wá? Ta ló ń sanwó afinimọ̀nà? Ẹni tó bá gbàgbé ìbéèrè kejì yóò gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ lódìkejì omi, níbi tí kò sí ọkọ̀ mìíràn, tí oòrùn sì ti ń wọ̀. Kò sí pé à ń nájà mọ́ níbẹ̀. Iye tí wọ́n bá pè náà ni. Ẹ san ìdajì ní èbúté, kí ẹ mú ìdajì lọ́wọ́ títí ẹ ó fi padà gúnlẹ̀ síbi tí ẹ ti wọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni zémijàn, ọ̀kadà ibẹ̀, tó gbé yín dé etí omi: tó bá ti gba owó rẹ̀ pé, ìlérí pé òun ń bọ̀ láago márùn-ún ti di àlọ́ ìjàpá. Ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ pè é níwájú rẹ̀ kí ẹ lè rí i pé fóònù náà dún.

Etí òkun Sèmè kò ní atukọ̀. Iyanrìn ló ń rẹ́ni jẹ níbẹ̀. Ìrìn tó gba ìṣẹ́jú 12 lójú títì lè di 20 lórí iyanrìn gbígbẹ. Nígbà tí òkun bá fà sẹ́yìn ni kí ẹ lọ, kí ẹ máa tọ ibi tó tutù, tó le. Aago ni kí ẹ fi yí padà, kì í ṣe ojú, torí igi àgbọn ibẹ̀ jọra wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí ẹ bá ní wákàtí mẹ́ta, ẹ yí padà lẹ́yìn wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15. Etí òkun náà dagẹ̀rẹ̀ sí omi: bí ẹ bá kọjú sí ìlà-oòrùn, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló máa wà nísàlẹ̀, orúnkún á sì sọ fún yín lálẹ́. Bí ẹ bá bá àwọn apẹja tó ń fa okùn àwọ̀n, ẹ gba ẹ̀yìn wọn kọjá; ẹ má fò ó. Omi náà kì í ṣe ti ìlúwẹ̀ẹ́, ó lè gbé ẹni tó dúró lójú omi tó dé orúnkún.

Kétu ni ìrìn tó kúrú jù nínú gbogbo wọn, ìtàn rẹ̀ ló sì gùn jù. Àkàbà Ìdénà, ẹnubodè alámọ̀ náà, àti yàrà tó wà létí rẹ̀ ni ohun tí à ń lọ wò. Wọ́n ní ìbéèrè ni orúkọ ìlú náà ti jáde: ta ló lè tú iké, ta ló lè tú ìlú? Ọmọ ogun ìjọba Dahomey dá a lóhùn ní 1886, wọ́n tú ìlú náà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Kétu padà wá tún un kọ́. Ilẹ̀ pupa ibẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ bàtà bí òjò bá rọ̀. Àbọ̀ ńkọ́? Táksì kì í gbéra àfi tó bá kún, tí ọ̀sán bá sì ti pọ́n tán, kíkún náà di àdúrà. Ẹ bi awakọ̀ pé àyè mélòó ló kù, kí ẹ ra èyí tó kù pọ̀.

Ṣábẹ̀ẹ́ ló jìnnà jù, nǹkan bí kìlómítà 250 sí Kútọnu. Ẹ gbọ́dọ̀ sùn níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń ka oorun yìí sí ìnáwó. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: ẹni tó bá sùn kò ní sáré lé ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló ń lọ, bí ọkọ̀ kan bá sì kún, òmíràn ń bọ̀ lójú títì láti Parakou. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ra tàlọ. A ò gbè sẹ́yìn ìlú kankan o.

Ilé àwọn àgbà lẹ ó kọ́kọ́ yà, torí òkè òrìṣà ni púpọ̀ nínú àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́. Ẹ béèrè èyí tó ṣí fún àlejò àti ohun tí wọ́n ń mú lọ. Lítà omi mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, torí kò sí ibi tí ẹ ó ti bu lókè. Nígbà ọyẹ́, nǹkan bí aago méje ni oòrùn ń yọ, kí ẹ ti wà nídìí àpáta nígbà náà. Ìparí oṣù kọkànlá ló dára jù: òjò ti lọ, kùrukùru ọyẹ́ kò tíì bo ọ̀nà jíjìn. Àpáta gbígbẹ máa ń di bàtà mú. Ibi dúdú tí òjò ń ṣàn gbà ló ń yọ̀, kódà lọ́jọ́ kejì òjò. Oyin máa ń wà nínú pàlàpálá rẹ̀, nítorí náà ẹ má lo lọ́fínńdà, ẹ má ju òkúta, ẹ má dáná. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ má kọjú tààrà sí ìsàlẹ̀. Ẹ máa dábùú àpáta, ẹsẹ̀ lọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ lósì, kí afinimọ̀nà wà nísàlẹ̀ yín. Sísọ̀ kalẹ̀ máa ń pẹ́ ju gígun òkè lọ.