Ilé tí mo gbé l'Ájàṣẹ́ nígbà tí mo lọ kọ́ Faransé: oúnjẹ dáa, ara tù mí, àmọ́ Yorùbá ti pọ̀ jù níbẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ìbéèrè dà mí láàmú nípa ilé tí mo gbé l'Ájàṣẹ́, pé ṣé ó dáa, ṣé owó ẹ̀ ò pọ̀ jù, ṣé kẹ́ ẹ lọ àbí kẹ́ ẹ jókòó sílé yín, ó yá o, ẹ jẹ́ kí n tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àjàṣẹ́ tí mò ń wí yìí, Porto-Novo ni o, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Benin, ẹ má lọ wọ mọ́tò Kwara. Ilé yẹn, mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Séńtà tí mo ti kọ́ Faransé, tó fi mí síbẹ̀, méjì péré, mo tiẹ̀ ṣàánú wọn ni.

Ohun tó gbé mi lọ ò yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ yín. Láti 2023 ni Kánádà ti ń pe àwọn tó gbọ́ Faransé lọ́tọ̀ nínú Express Entry, ètò tí wọ́n fi ń yan àwọn tó fẹ́ kó lọ síbẹ̀, máàkì tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ wọn sì máa ń kéré sí tàwọn yòókù dáadáa, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ débi tí wọ́n ń pè ní NCLC 7, ìpele keje nínú òṣùwọ̀n Faransé wọn, nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kíkà, kíkọ, gbígbọ́, sísọ. Kíkà àti kíkọ, èèyàn lè jókòó sílé kó fi fóònù kọ́ ọ. Gbígbọ́ àti sísọ ló ń pa wá. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé, o ò ní mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan parí sí tí òmíì ti bẹ̀rẹ̀. Ni mo bá ní kí n kúkú lọ gbé láàárín àwọn tó ń sọ ọ́.

Bí ètò yẹn ṣe rí nìyí. Séńtà á máa kọ́ yín láàárọ̀, wọ́n á sì fi yín sílé ìdílé kan tẹ́ ẹ ó máa gbé. 90,000 CFA, owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀, ni mo san l'óṣù fún ilé nìkan, owó kíláàsì wà lọ́tọ̀. Yàrá tèmi nìkan, oúnjẹ àárọ̀ àti ti alẹ́, omi, iná, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú owó yẹn. Tẹ́ ẹ bá wá ní ó wọ́n, ẹ má bá CFA jà, náírà tiwa ni kẹ́ ẹ bá wí. Wọ́n ti so CFA mọ́ euro, 655.957 sí euro kan, kò sì kúrò níbẹ̀ láti 1999, àmọ́ látìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, iye tẹ́ ẹ máa fi ra CFA kan náà ti lé ní ìlọ́po méjì. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti lọ kọ́ èdè níbẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn gbọ́ iye tí mo san, ariwo ló fi bọ ẹnu.

Yàrá mọ́ tónítóní. Bẹ́ẹ̀dì wà, tábìlì kan, fáànù, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, fèrèsé tó kọjú sí àgbàlá. Iná wọn ń dúró ju tiwa lọ, mi ò ní purọ́, àmọ́ mítà onísanwó ni wọ́n ń lò, wọ́n máa ń ra iná sí i ni, torí náà ojú gbogbo ilé ló wà lára ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń lọ aṣọ tó bá ti kọjá méjì mẹ́ta, Pápà, ìyẹn bàbá ilé, á kọjá lẹ́nu ọ̀nà yín, wọ́n á wúkọ́. Wọn ò ní sọ nǹkan kan o. Ikọ́ yẹn ti tó. Omi gbígbóná láti ara ògiri, ẹ gbàgbé ẹ̀, omi kànga ni mo fi ń wẹ̀, omi ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń sè tí wọ́n fi ń mu. Ilẹ̀kùn báálùwẹ̀ kì í sì í tì dáadáa, orin ni mo máa ń kọ kí wọ́n lè mọ̀ pé èèyàn wà nínú ẹ̀, ó wá di pé àwọn ọmọ ilé mọ gbogbo orin mi. Wáifáì tí séńtà kọ sínú ìwé, kò sí nǹkan tó jọ ọ́. Mo ra síìmù MTN tibẹ̀, mò ń ra dátà.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Ibí gan-an nilé yẹn ti gba ìràwọ̀. Láàárọ̀, búrẹ́dì gígùn yẹn, tó ṣì gbóná, pẹ̀lú ẹyin díndín tàbí bọ́tà, àti kọfí tí wọ́n fi mílíìkì pò. Lọ́jọ́ mìíì, ògì àti àkàrà, àkàrà wọn kéékèèké, ẹ̀yìn ẹ̀ máa ń le ju tiwa lọ. Tó bá wá dalẹ́! Àmíwò, ìyẹn èlùbọ́ àgbàdo tí wọ́n fi tòmátò àti omi adìẹ rò títí tó fi pupa, tí wọ́n wá gbé adìẹ díndín tì í. Àtásì, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀, ata díndín lórí ẹ̀. Ẹ̀kọ inú ewé tí wọ́n ń pè ní àkàsà, pẹ̀lú ẹja díndín àti ata tútù tí wọ́n lọ̀ mọ́ àlùbọ́sà, ata yẹn ò mọ àlejò o, ẹni tó bá ní ọgbẹ́ inú kó ṣọ́ra. Ewédú náà wà, crincrin ni wọ́n ń pè é, wọ́n máa ń da edé àti akàn sí i. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí akàn nínú ewédú, mo wò ó, ó wò mí, àwa méjèèjì dákẹ́. Nígbà tó yá, èmi ni mo ń bèèrè pé ìgbà wo la tún máa jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ Sunday tí àbúrò Màmá bá wá, ìdílé Àgùdà ni wọ́n fẹ́ ọkọ sí, àwọn tí bàbá ńlá wọn padà wálé láti Brazil, wọ́n máa ń ro pírọ́ọ̀nù fún wa, gàrí tí wọ́n fi omi ẹran rò dípò omi gbígbóná lásán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pe ara yín lọ́gá nínú ẹ̀bà, ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé oúnjẹ alẹ́ máa ń pẹ́, aago mẹ́sàn-án á kọjá nígbà mìíì kí wọ́n tó bù ú, ọ̀sán sì di ọwọ́ yín, ẹ wá owó ẹ̀ sápò.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ gan-an. Séńtà kọ ọ́ sínú ìwé pé ìdílé tó ń sọ Faransé láti àárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n máa fi mí sí. Faransé wà nínú ilé lóòótọ́. Pápà ti ṣiṣẹ́ ìjọba fẹ̀yìntì, àwọn ọmọ ń fi kàwé. Àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ mọ Àjàṣẹ́. Ègùn ni wọ́n ń sọ láàárín ara wọn, Yorùbá ni wọ́n fi ń tajà, Faransé wà fún ọ́fíìsì àti àlejò. Ní kété tí Màmá gbọ́ pé Ìjẹ̀bú ni mí, wọ́n yí sí Yorùbá, wọn ò sì yí padà mọ́. "Ṣé o ti jẹun? Ṣé o sùn dáadáa? Wá bá mi gbé ìkòkò yẹn." Mo ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́, Faransé ni kẹ́ ẹ máa bá mi sọ, torí ẹ̀ ni mo ṣe wá. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní "Ṣé Yorùbá ń dùn ẹ́ lọ́fun ni?"

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Pápà, tiwọn tún wá lé kenkà. Yorùbá ni wọ́n látilẹ̀, Yorùbá tó jinlẹ̀, irú èyí tí mo gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu ìyá ìyá mi. Tí mo bá ti ti kíláàsì dé báyìí, wọ́n á pè mí jókòó, wọ́n á máa bi mí nípa Abẹ́òkúta níbi tí ìyá wọn ti máa ń lọ ra àdìrẹ, ta ló ń jọba níbẹ̀ báyìí, ṣé ọjà yẹn ṣì wà níbi tó wà, ṣé òótọ́ ni pé àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń sá lọ tán. Ta ló fẹ́ sọ fún irú àgbà bẹ́ẹ̀ pé ẹ jẹ́ n lọ, mo ní gírámà passé composé láti kọ́? Mo dọ̀bálẹ̀, mo jókòó, mo dáhùn. Mo jáde lọ sọ́jà Ouando kí n lè fi Faransé nájà, ìyá onítòmátò wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan, ó ní "Bùrọ̀dá, èló lẹ fẹ́ rà?" Ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zém, Yorùbá. Mọ́sálásí àgbà tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Brazil yẹn, ẹ rí i pé ẹ dé ibẹ̀ o, ó rẹwà, àmọ́ Yorùbá náà ni. Ìlú yẹn ò fẹ́ kí n kọ́ nǹkan kan jàre.

Ohun tó gbà mí ni Pápà àti ọmọ tó kéré jù nílé, pẹ̀lú tẹlifísàn. Ọmọ yẹn ò fẹ́ràn Yorùbá rárá, Faransé ló ń sọ sí mi, tí mo bá sì fi "le" síbi "la" á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó tún un ṣe, kò sí tíṣà tó le tó o. Lálẹ́ a máa ń wo àwọn fíìmù àtìgbàdégbà tí wọ́n ti fi Faransé lé lórí, Màmá á máa fi Ègùn bú ìyàwó burúkú inú ẹ̀, èmi á máa fetí sílẹ̀, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀, bí wọ́n ṣe ń halẹ̀, bí wọ́n ṣe ń purọ́, gbogbo nǹkan tí ìwé kì í kọ́ èèyàn. Pápà ní tiwọn, nígbà tí mo fẹjọ́ sùn wọ́n, wọ́n gbé ife kan sórí tábìlì, wọ́n ní ẹni tó bá ti sọ nǹkan tí kì í ṣe Faransé nígbà oúnjẹ alẹ́ á ju 25 CFA sínú ẹ̀, Ìyá Àgbà nìkan lòfin ò mú. Màmá ló san jù. Láti ìgbà yẹn ni etí mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í là.

Ẹ má sì rò pé torí pé ẹ sanwó, wọn ò ní rán yín níṣẹ́. Wọ́n á rán yín. Ọmọ ilé lẹ jẹ́. Ẹ ó kí wọn láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó mú fóònù, ẹ ó fọ abọ́ yín, aago mẹ́wàá alẹ́ géètì ti tì, àlejò ò kọjá pálọ̀. Òyìnbó tó wà ní kíláàsì wa ń ráhùn nípa irú nǹkan báyìí nílé tó wà, ó ní wọn ò jẹ́ kóun dá wà. Èmi ò rí ẹ̀sùn nínú ẹ̀, bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé náà nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ máa wọlé láàjìn kó lọ gba yàrá tara ẹ̀.

Séńtà wá ni mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú. Wọ́n ní ẹnì kan á máa wá wò mí lọ́sẹ̀ méjì méjì, mi ò rí ẹnì kankan. Mo ní kí wọ́n bá mi pààrọ̀ ilé síbi tí wọn ò ti gbọ́ Yorùbá, wọ́n ní kí n tún owó ìforúkọsílẹ̀ san. Wọn ò tiẹ̀ sọ fún Màmá rí pé Faransé ló yẹ kí wọ́n máa bá mi sọ, Màmá rò pé yàrá lásán ni mo wá gbà! Nígbà tí mò ń lọ, ìdajì dìpọ́sítì mi ni wọ́n fẹ́ dá padà, wọ́n ní owó títún yàrá ṣe ni ìyókù. Mo sọ fún Màmá. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n pe séńtà, wọ́n sì fi Faransé tú wọn palẹ̀ níbẹ̀, Faransé tó yá, tó mọ́, tó gbóná, tí wọn ò fi bá mi sọ látọjọ́ tí mo ti dé, mo sì gbọ́ gbogbo ẹ̀ láìku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Owó yẹn pé nígbà tílẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ pé ẹ ò gbọ́ Faransé rárá, tẹ́rù sì ń bà yín láti jáde nílé, Àjàṣẹ́ dáa, ẹ ò ní sọnù níbẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ díẹ̀, tó jẹ́ ìdánwò lẹ ń lé, ẹ ní kí wọ́n fi yín sí Kútọnu tàbí Abomey-Calavi, yunifásítì tó wà níbẹ̀ ní CEBELAE tó ń kọ́ àwọn àjèjì ní Faransé, tàbí kẹ́ ẹ gòkè lọ sí Abomey àti Bohicon láàárín àwọn Fọ̀n, Yorùbá ò ní rí yín gbà sílẹ̀ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Ṣakẹ́tẹ́ tàbí Pọ́bẹ̀ ni, ẹ sá. Ẹni tí owó ò bá tó lọ́wọ́ ẹ̀, abúlé Faransé tíjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Badagry láti 1991 ṣì wà, kò sí ìdílé tí yóò gbà yín sílé níbẹ̀, àmọ́ kò sí CFA náà.

Ẹ lè gba ibodè Ìdí-Ìrókò sí Igolo lọ sí Àjàṣẹ́, ẹ ò nílò físà, 90 ọjọ́ ni ECOWAS gbà yín láyè, tẹ́ ẹ bá máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ẹ lọ wá ìwé ìgbélùú. Ẹ mú káàdì yẹ́lò fífà dání. Tó bá sì jẹ́ January lẹ fẹ́ lọ, ọlidé ni Friday kejì nínú oṣù náà àti Thursday tó ṣáájú ẹ̀, ọjọ́ ọdún ìṣẹ̀ṣe wọn, kíláàsì kì í sí, ẹ jẹ́ kó kọjá kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù tẹ́ ẹ sanwó fún. Àdírẹ́sì ilé yẹn, mi ò ní kọ ọ́ síta, Màmá ò fẹ́ èrò. Ẹni tó bá fẹ́ lọ lóòótọ́ kó sọ fún mi, màá bá a bèèrè bóyá yàrá ti ṣófo.