Ṣọ́ọ̀bù síídì kan ní Ṣàpọ́n, fún ẹni tó ń retí orin òkè òkun

Ní Ṣàpọ́n, ní Abẹ́òkúta, ṣọ́ọ̀bù kékeré kan wà tí wọ́n ti ń ta síídì tí wọ́n kó wá láti òkè òkun, mo sì ti jẹ́ oníbàárà wọn láti ìgbà tí ọjọ́ tí àwo orin ń jáde kò tíì bára mu láti ilẹ̀ kan dé òmíràn. Nígbà náà, Ọjọ́ Ajé ni àwo tuntun máa ń jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ti Amẹ́ríkà, Ọjọ́ Ẹtì sì ni ti Jámánì. Àwa kò tilẹ̀ sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní ẹbí ní London ló ń rí ojúlówó. Àwa yòókù ń ra ayédèrú, tí orin inú rẹ̀ sábà máa ń já lójijì níbi tó ti ń dùn bọ̀. N kò gbè lẹ́yìn olè o, ṣùgbọ́n ẹni tí òórùn ọbẹ̀ ilé kejì ń dà láàmú kò ní pẹ́ wá nǹkan jẹ.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2015 ni IFPI, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ tó ń gbé orin jáde lágbàáyé, sọ Ọjọ́ Ẹtì di ọjọ́ ìjáde kan náà fún gbogbo ilẹ̀, kí jíjí orin lè dínkù. Lórí fóònù, ìyẹn ti tó. Kódà, bí àwo kan bá jáde ní agogo méjìlá òru ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a ti gbọ́ ọ tán kí agogo méjìlá òru tó lù fún àwọn ará New York, inú mi sì máa ń dùn sí i.

Ṣùgbọ́n síídì kò lè gba inú fóònù dé Ṣàpọ́n. Ó gbọ́dọ̀ kọjá lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè, kí ó sì wọ ọkọ̀ láti Èkó. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ọ̀nà tí onítajà yìí ń gbà ṣòwò. Nígbà tí mo fẹ́ san owó sílẹ̀ fún àwo kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú owó yín dání ná. Bó bá dé, màá pè yín, ẹ ó gbọ́ ọ kí ẹ tó sanwó.” Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló pè, ó já ọ̀rá rẹ̀ lójú mi, ó sì fi sínú ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà.

Iye owó rẹ̀ ń tẹ̀lé dọ́là, wọn kì í sì í kọ ọ́ síbikíbi. Ọjọ́ Ẹtì gan-an ni wọ́n tún máa ń ti ìlẹ̀kùn pẹ́ fún ìrun Jímọ́ọ̀, nítorí náà, òwúrọ̀ ni kí ẹ lọ.

Ohun kan ṣoṣo ni kò tíì rí ṣe fún mi. Síídì tí wọ́n ń tẹ̀ ní Japan wọ́n ju èyí tí wọ́n kó wọ ibẹ̀ lọ, àwọn iléeṣẹ́ sì máa ń fi orin kan tàbí méjì kún un kí àwọn ará ibẹ̀ lè rà á. Irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá mi wá. Oṣù kẹfà rèé, kò tíì dé, kò sì tíì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.